Ọkọ̀ Tí Gbogbo Ìlú Ti Mọ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń din ẹja ní ilé kọfí tó wà létí adágún Solvik, nítorí náà èrò pọ̀ lọ́jọ́ tí Wade Pulkkinen gbé àwòrán kan síwájú Lorna Haugen. Wade kì í ṣe ọlọ́pàá. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ṣe tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan àti ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi, ó sì máa ń bá àwọn tí èèyàn wọn sọnù wá inú adágún láìgba kọ́bọ̀.

Janelle, ọmọ Lorna, sọnù ní oṣù kẹwàá ọdún 1987. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ sílé ọ̀rẹ́, kò débẹ̀. Ọlọ́pàá wá a títí, wọn ò rí ọmọ, wọn ò rí ọkọ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ò lójútùú, ìlú wá ìtumọ̀ tiwọn sí i: Arvid, bàbá rẹ̀, ló mọ ohun tó fi ọmọ ṣe. Wọn ò sọ ọ́ sójú rẹ̀ o. Ìdí ni wọ́n ń sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì tó bá jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mọ́kànlélógún ló fara dà á kó tó kú. Lorna náà ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ohun tó ń wá kò ju pé kó mọ ibi tí ọmọ òun wà, kó sì yọ orúkọ ọkọ òun kúrò lẹ́nu ìlú, kí òun náà tó lọ.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ló wà nínú àwòrán náà, nísàlẹ̀ omi, nítòsí èbúté, ibi tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ ojú omi kalẹ̀.

Merle, tó jókòó sí tábìlì kejì, na ọrùn wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wade, o pẹ́ dé. Ọkọ̀ yìnyín wa nìyẹn. Ọmọ ọwọ́ ìlú yìí mọ̀ ọ́n."

Kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí adágún bá ti dì, ẹgbẹ́ apẹja á gbé ògbólógbòó ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sórí yìnyín, wọ́n á fi ṣéènì so ó mọ́ èbúté, gbogbo ìlú á sì máa ta tẹ́tẹ́ ọjọ́ tó máa rì. Tó bá rì, wọ́n á wọ́ ọ jáde. Lọ́dún 1986, ṣéènì já, ọkọ̀ sì jókòó sísàlẹ̀. Ọlọ́pàá fi ẹ̀rọ rí ọkọ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1994. Ìlú ní tiwa ni, ọlọ́pàá bá yíjú padà.

Wade béèrè ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i. Merle ní kí ni wọ́n tún fẹ́ rí, ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀.

"Gbogbo ayé kọ́ ni mo bi ọ́," ni Wade wí. "Ta ló so ṣéènì yẹn?"

Orville Lind ni, ó ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, Wade àti Lorna lọ bá a nílé. Ó fún wọn ní àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bu kọfí fún wọn. Ojú ń tì í. Ó ní òun lòun ò so ṣéènì náà dáadáa, ìlú fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ni òun àti àbúrò òun bá fi katakata wọ́ ọkọ̀ náà jáde lóṣù keje ọdún yẹn, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Wade bi í pé ṣé ó dá a lójú.

"Àga ọkọ̀ náà lẹ jókòó lé yẹn," ni Orville wí.

Lorna wo awọ pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dìde. Ọdún tó tẹ̀ lé ọdún yẹn ni Janelle sọnù: ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ omi kì í ṣe ọkọ̀ yìnyín.

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí," Orville ń sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Arvid kú síbi tó ti ń retí kí ẹnì kan bi yín," ni Lorna wí.

Lorna ní kí Wade wọ inú omi lójú ẹsẹ̀, ó ní ìdúró ọdún mẹ́tàdínlógójì ti tó. Wade kọ̀.

"Mo lè wọ̀ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn, tí nǹkan kan sì yẹ̀, ta ló máa gbà pé Arvid kọ́? Ẹ jẹ́ kí àwọn tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ kọ́kọ́ débẹ̀."

Ó pe ọlọ́pàá. Orville tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lorna, kí wọ́n lè fi DNA inú rẹ̀ wé ti egungun tí wọ́n bá rí.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé ọkọ̀ jáde. Ọkọ̀ Arvid ni. Ẹnì kan ló wà nínú rẹ̀, níbi ìjókòó awakọ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì wà ní dídè, bọ́tìnnì iná ọkọ̀ sì fi hàn pé ó ti tàn án. Kùrukùru bolẹ̀ lọ́jọ́ tó sọnù. Ọmọ náà rò pé kọ́nà ọ̀nà lòun yà sí, èbúté ló yà sí. Òwú ẹnu Lorna fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Janelle ni.

Ọjọ́ tí wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Merle wá tọrọ àforíjì. Lorna ní, "Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró de dókítà, ẹ gbọ́ o. Bí ọmọ bá sọnù, ẹ sọ fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ti pẹ́, kí ìyá, bàbá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ lọ jẹ́ kí ọlọ́pàá fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun. Kì í dunni. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ní gbogbo ayé ló mọ̀, ẹ béèrè ẹni tó fojú rí i. Ohun kékeré tẹ́ ẹ sì mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ohun ìtìjú, ẹ lọ sọ ọ́ lónìí. Ẹni tó yẹ kó bi yín lè má mọ̀ pé ẹ wà.