Ẹni Tó Ń Gbọ́ Èémí Mọ́tò

Nígbà náà, bàbá Aránṣọ ṣì wà láyé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin náà ṣì wà láyé, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ìyá Aránṣọ nìkan ló ti lọ, kò tíì pé ọdún kan. Mọ́tò tí ìyá náà ń wà kù sínú àgbàlá, bàbá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á.

Láàárọ̀ tí òtútù bá mú, bí wọ́n bá ti ṣíná sí mọ́tò yìí báyìí, ariwo! Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan o. Ó kàn dúró sójú kan, ó ń ké bí ẹni tí olè jà. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ara rẹ̀ á ti móoru, á wá dákẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló sọ pé kò sóhun tó ṣe é.

Ẹ̀kẹrin ni wọ́n ń pè ní Elétí Ehoro. Ó gbọ́rọ̀ tán, kò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Òtútù ló mọ̀dí ọ̀rọ̀," ló wí. "Ilé yín ni mo máa wá, ní ìdájí, kẹ́nikẹ́ni tó ṣíná sí i."

"Bàbá mi á lé yín," ni Aránṣọ, tó wa mọ́tò náà wá, wí.

"Ṣé wọ́n lè sáré tó mọ́tò wọn?"

Ẹ̀rín pa Aránṣọ.

Ó wá lóòótọ́. Bàbá yọ sí i pẹ̀lú ìbínú. "Ta ni jàǹdùkú yìí?"

"Àbúrò mi, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, jẹ́ ó ṣiṣẹ́ ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wọn wí.

Aránṣọ ṣíná. Mọ́tò bú.

"Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń ké díẹ̀ tí òtútù bá mú un," ni Elétí Ehoro wí, "kí ara rẹ̀ lè yá. Tó bá gbóná, á rọlẹ̀. Tiyín ti pọ̀ jù. Ó ń mí afẹ́fẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀."

Ó fa rọ́bà gígùn oníhò kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó fi orí kan sétí, ó ń fi orí kejì wá gbogbo inú ẹ́ńjìnnì kiri. Ó dúró. Ó wá na rọ́bà náà sí Aránṣọ.

"Ẹ fetí sí i."

*Ṣíììì.* Bí ọmọ tó sùn.

"Rọ́bà kékeré yìí ló sán. Tí òtútù bá mú un, á súnkì, ojú ibẹ̀ á là. Tó bá gbóná, á wú, á padé."

Ó fi ìka méjì dí ojú ibẹ̀. Áà! Mọ́tò náà rọlẹ̀ wọ́ọ́. Bàbá la ẹnu sílẹ̀. Omi bọ́ lójú wọn.

"Bó ṣe máa ń dún nìyẹn," ni wọ́n wí, "nígbà tí ìyá ẹ wà."

Ó pààrọ̀ rọ́bà kékeré náà, mọ́tò sàn, síbẹ̀ kò yéé wá. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ìfẹ́ ti wọ Aránṣọ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó tọrọ rẹ̀, ní ìdájí bó ṣe máa ń wá, bàbá fi igbe ta: "Èmi! Kí n fọmọ mi fún ọlọ́wọ́ epo? Láéláé!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé e. Aránṣọ sunkún títí.

"Olólùfẹ́ mi," ni Elétí Ehoro bi í, "ìgbà wo lójúmọ́ ni ìyá ẹ kú?"

"Ìdájí ni."

Elétí Ehoro ní, "Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Bàbá ò kọ̀ mí. Òtútù ìdájí yẹn ló ń mú wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni ká lọ."

Wọ́n lọ ní ìrọ̀lẹ́. Kò tọrọ aya. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú èèyàn wo ni ìyá Aránṣọ?"

Bàbá kọ́kọ́ jágbe. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ọ́ sọ ọ́, ohùn wọn ń lọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Máa mú un lọ, ọmọ mi. Mọ́tò yẹn ńkọ́? Ìwọ lo máa máa tọ́jú ẹ̀ o."

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Aránṣọ àti Elétí Ehoro fi jọ gbé. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, òtútù mú. Èémí Elétí Ehoro ń sáré. Aránṣọ já rọ́bà gígùn àtijọ́ yẹn lára ìṣó, ó fi orí kan sétí, ó gbé orí kejì lé ọkọ rẹ̀ láyà.

"Kí lo gbọ́, Aránṣọ mi?"

"Ó ń rọlẹ̀, adé orí mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tó bá rọlẹ̀, ara rẹ̀ ti móoru ni."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Aránṣọ kò gbé rọ́bà náà kúrò létí títí oòrùn òwúrọ̀ fi wọ inú yàrá.