Bíńtín àti Wáyà Abẹ́ Ẹní

Bíńtín ni wọ́n ń pe ọmọ yìí. Ara rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ tóbi.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, òjò ń rọ̀. Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Òtútù sì mú.

Bíńtín, Bàbá, Màmá àti ológbò wọn wà nínú ọkọ̀-ilé. Ọkọ̀-ilé ni ọkọ̀ tó ní ibùsùn, tó ní ibi ìdáná, tó sì ní fèrèsé tí wọ́n ta aṣọ sí.

Wọ́n ti gbé e wọ ọgbà tí àwọn ọkọ̀-ilé máa ń sùn sí. Òpó iná kan wà níbẹ̀, ó jìnnà díẹ̀.

Bàbá mú wáyà funfun kan jáde. Wáyà tí wọ́n fi ń tan fìtílà kékeré nílé ni. Ó tín-ín-rín, ó sì gùn jù.

Bàbá nà án láti ara òpó dé ara ọkọ̀. Bàbá ò fẹ́ràn kí nǹkan rí wúruwùru. Ó ká èyí tó ṣẹ́ kù róbótó, ó tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà lábẹ́ tapólì tí wọ́n ta síbẹ̀ nítorí òjò, ó sì fi ẹní bò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ afárá tán.

Màmá tan ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Hùùùn. Fíríjì náà dáhùn. Hùùùn.

Gbì! Ọkọ̀ mì. Àyà Bíńtín já.

"Kí nìyẹn?"

"Afẹ́fẹ́ ni," Bàbá fèsì.

Kó, kó, kó. Nǹkan ń kan òrùlé. Bíńtín di aṣọ Màmá mú.

"Kí nìyẹn?"

"Òjò ni, ọmọ mi."

Iná orí àjà ṣẹ́jú. Ó ṣú díẹ̀, ó tún mọ́lẹ̀, ó tún ṣú. Bíńtín bi wọ́n léèrè ìyẹn náà. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní ọmọ yìí, o ò ṣe jókòó jẹ́ẹ́?

Bíńtín jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò jókòó.

Ó rí ológbò. Ọ̀gá Oorun ni wọ́n ń pè é, torí kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀gá Oorun sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní.

Bíńtín ronú. Ológbò kì í fẹ́ òtútù. Kí ló ń wá lẹ́nu ọ̀nà?

Ó yọ́ lọ síbẹ̀, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ẹní. Ẹní gbóná. Ó gbóná bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò jókòó níbẹ̀.

Ó tún fa imú. Fín, fín. Nǹkan ń rùn bí ọ̀rá tó bọ́ sínú iná.

Ẹ̀rù ba Bíńtín gan-an. Ẹ̀rù ń bà á láti dákẹ́. Ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ̀rọ̀, torí ó ti bèèrè títí lónìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ sú wọn.

Màmá bu omi sínú ìkòkò oníná. Ó fẹ́ po tíì. Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnì.

Iná orí àjà tún ṣẹ́jú.

Bíńtín sáré dúró níwájú Màmá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án. Ẹní ń gbóná. Nǹkan ń rùn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ọwọ́ Màmá dúró lókè. Bàbá la ẹnu láti sọ pé afẹ́fẹ́ ni. Ó fa imú. Fín. Ó pa ẹnu dé.

Bàbá ò wọ bàtà. Ó sáré wọnú òjò, ó dé ibi òpó, ó pa iná. Pá!

Gbogbo hùùùn dákẹ́.

Màmá gbé Ọ̀gá Oorun sókè. Bàbá padà, ó ká ẹní kúrò. Wáyà funfun ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ó ti ń yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Òbìrìkìtì dúdú kan wà lára ẹní, níbi tí ológbò sùn sí gẹ́lẹ́.

Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Bíńtín ò rí irú ẹ̀ rí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Oníná, obìnrin tó ń bójú tó iná ọgbà. Ó dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, ó gbé wáyà mẹ́ta kọ́ èjìká.

Ó wo wáyà tó jó, ó mi orí. Ó ní ọ̀nà tóóró ni wáyà tín-ín-rín. Ẹ̀rọ ń fa iná, fíríjì ń fa iná, gbogbo rẹ̀ ń ti ara wọn níbẹ̀, ni ooru bá dé. Ó ní wọ́n tún wá ká a jọ, wọ́n tún wá da ẹní bò ó. Níbo ni ooru máa gbà jáde?

Ó yíjú sí Bíńtín.

"Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Imú nìwọ fi ń ṣọ́lé. Wá bá wa mú wáyà."

Bíńtín wo àkọ́kọ́. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín. "Rárá," ó wí.

Ó wo ìkejì. Ó nípọn. Wọ́n fà á, fà á. Ó dúró lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn. "Kò dé," ó wí.

Ó wo ìkẹta. Ó nípọn bí àtàǹpàkò Bàbá, awọ rẹ̀ sì le, òjò ò lè ṣe é ní nǹkan. Wọ́n fà á, fà á, fà á. Ó dé ara ọkọ̀.

"Èyí ni," Bíńtín wí.

Ìyá Oníná ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ pátá, kí wọ́n má fi ohunkóhun bò ó. Bàbá tú u sílẹ̀ lórí koríko. Ó wọ́ lọ, ó wọ́ bọ̀, kò sì dára lójú rárá. Bàbá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá di ọwọ́ Bíńtín mú lọ síbi òpó. Ó gbé ìka sórí bọ́tìnì. Kò tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," Bàbá wí. "Ṣé kí n tàn án?"

Bíńtín wo wáyà láti orí dé ìdí. Ó fa imú. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá dúró dè é nínú òjò.

"Ẹ tàn án," Bíńtín wí.

Bàbá sì tàn án.