Ìsọ̀ Òkè Àtẹ̀gùn

Ọ̀dà pupa ló gbé Bándélé wá sọ́dọ̀ mi.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni, ní àkókò tí epo bẹntiróòlù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí takisí Àpáta sí Challenge fi di ohun tí à ń jà wọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to aṣọ ọmọdé sórí tábìlì mi létí títì tán ni mo rí ọkùnrin gíga kan tó gbé agolo ọ̀dà dání. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà sára tábìlì gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Tábìlì tó bá ti gba ìlà pupa, kí ẹni tó ni ín máa palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Olóyè Adégbénró ń kọ́ ilé ìtajà ńlá onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì sẹ́yìn wa, wọn ò sì fẹ́ rí àwa onítábìlì níwájú rẹ̀ tó bá parí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kun tèmi," mo wí. "Mi ò tíì ta nǹkan kan láàárọ̀ yìí."

"Mi ò wá rajà, mà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dúró níwájú mi. Ẹ ò lè lọ lọ́wọ́ òfìfo, ẹ máa ba ọjà mi jẹ́."

Ó wò mí, ó wo agolo ọ̀dà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, ẹ̀rín náà wọ̀ mí lára. Ó gbé agolo kalẹ̀, ó sì mú fìlà ọmọ ọwọ́ kan.

"Ọmọ oṣù mélòó ni?" mo bi í.

"Mi ò tíì níyàwó, mà."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó sanwó, ó ki fìlà sápò, ó tún mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì fa ìlà sára tábìlì mi. Iṣẹ́ niṣẹ́.

Ọjọ́ yẹn, ọjà tà dé ibi tí ó yà mí lẹ́nu. Nígbà tó tún kọjá lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ dára. Láti ìgbà náà ló ti ń yà lọ́dọ̀ mi láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ sọ́kì ọmọdé lásán ló fẹ́ yẹ̀ wò. Ó ní Póòlì ni òun ti kọ́ nípa ilé àti ilẹ̀, Olóyè sì ti gba òun láti máa wá àwọn tó máa gba ìsọ̀. Mo ní ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní Ifẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo wá ń ṣe níbí. Mo ní ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni.

Ìgbà tí òjò ká wa mọ́ abẹ́ tapólì mi ló tó sọ ọ́. Omi ń kán sí èjìká rẹ̀, kò sì kúrò.

"Kòfó, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo ti mọ̀," mo wí. "Sún mọ́ ibí, o ti ń tutù." Ayọ̀ kún inú mi bámúbámú.

Bàbá mi ni ò yọ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti kó wa wá sí Ìbàdàn, a sì ń gbé Àpáta. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí àwọn ará ìjọ bá bi wọ́n níbi tí Kòfowórọlá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á wú ikọ́.

"Mi ò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó máa jókòó sínú oòrùn," wọ́n sọ fún mi. "Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ ọ, kó kọ́kọ́ gbé ọ kúrò létí títì."

Mo sọ fún Bándélé. Nígbà tí ilé náà parí, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan sí mi lọ́wọ́. Àwọn ìsọ̀ ilẹ̀ ti lọ. Báǹkì ti gba tiwọn, oníkẹ́míìsì ti gbà, àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n mọ Olóyè náà ti gbà. Òkè ni tèmi, ní igun tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

"Oòrùn ò ní pa ọ́ mọ́, olólùfẹ́ mi," ó wí. "Wò ó bí o ṣe ń wo gbogbo Challenge."

Inú mi dùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n fipá mú mi gòkè. Ó ti rẹ̀ mí, eruku ti sú mi, sísá fún òjò ti sú mi. Fíkà ìjọ wa wá gbàdúrà sí ìsọ̀ náà. Bàbá mi wọ kóòtù, wọ́n bọ Bándélé lọ́wọ́, wọ́n sì pè é ní "ọmọ mi" lójú gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó gòkè.

Obìnrin tó pọn ọmọ, tó tún fa òmíràn lọ́wọ́, tí wákàtí kan péré wà fún un kó tó wá mọ́tò lọ sílé, kí ló fẹ́ wá lókè? Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Ẹ jù ú sílẹ̀ ká wò ó!" Mo so okùn mọ́ apẹ̀rẹ̀, mo ń fi sọ aṣọ kalẹ̀ fún wọn. Ó ń tà díẹ̀ báyẹn. Olóyè rí apẹ̀rẹ̀ náà, wọ́n ní ó ń ba ojú ilé jẹ́. Bándélé ni wọ́n ní kó wá sọ fún mi. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú, mo sì tú okùn.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì tí kò dọ̀tí. Mo ń tún aṣọ ká, mo ń sun oorun ọ̀sán lórí káńtà. Àìríṣe ń rẹni ju iṣẹ́ lọ. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ń tajà mọ ìwà wa. A kì í jókòó sínú ìsọ̀ wa ká máa sọ pé ọjà ò tà. Wọ́n ní ó ń lé ajé lọ. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo lọjà, wàá dúpẹ́ ni. Bándélé kì í ṣe oníṣòwò. Nígbà tó bá mú ẹni tó fẹ́ gba ìsọ̀ gòkè wá, á dúró níwájú mi, á ní, "Ẹ bi Kòfó. Kòfó, báwo lọjà?"

Mo máa ń ní, "A dúpẹ́."

Ojú rẹ̀ á sì tàn. Olóyè ti ṣèlérí fún un pé tí òkè bá kún kó tó di Kérésì, Bándélé ló máa bójú tó ilé ìtajà kejì tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Ring Road. Ìgbà yẹn ló fẹ́ mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ayàwòrán kan gba ìsọ̀, onídìrí kan gbà, ẹnì kan tó ń ta bàtà náà gbà. Gbogbo wọn ń jókòó, wọ́n ń wo títì. Tí wọ́n bá bi àwọn náà, wọ́n á dúpẹ́.

Lẹ́yìn wọn ni Màmá Bándélé wá. Mọ́kọ́lá ni wọ́n ń gbé, iwájú ilé wọn ni wọ́n ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ àdúgbò. Wọn ò fẹ́ràn mi púpọ̀. Wọ́n ní mo kàwé jù, ibi tí mo ti wá sì jìnnà jù. Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn nìkan ló wá, wọ́n ń fi ọwọ́ ti orúnkún kí wọ́n tó gòkè dé.

"Kòfowórọlá," wọ́n wí, "ọmọ mi ní kí n wá gba ìsọ̀ síbí. Má dá mi lóhùn bí oníṣòwò. Mo ń bi ọ́ bí ọmọ. Ṣé ọjà ń tà?"

Mo ń gbọ́ ohùn Bándélé nílẹ̀, ó ń bá àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé tí mo bá sọ òótọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mà," mo wí.

Wọ́n kó ẹrù wọn wá sí ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi.

Aránṣọ wo ló máa gun àtẹ̀gùn nítorí síìpù kan? Àwọn ti Mọ́kọ́lá wá ẹlòmíràn. Màmá á jókòó láti àárọ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n á máa fi róòbù pa orúnkún. Wọn ò bú mi. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Kù díẹ̀ kó di Kérésì, ìsọ̀ kan péré ló ṣẹ́ kù. Bándélé mú obìnrin kan wá, Nọ́ọ̀sì Àrìnpé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ máa ta àwo àti ife. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń mí gùlegùle.

"Ẹ bi ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi," Bándélé wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Kòfó, báwo lọjà?"

Mo wo obìnrin náà. Mo wo Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn lórí àpótí. Kì í ṣe pé mo nígboyà. Ó rẹ̀ mí ni.

"Mà, ọjà ò tà níbí," mo wí. "Èèyàn kì í gòkè. Ohun tí mo bá pàtẹ láàárọ̀ ni mo máa ń ká nírọ̀lẹ́. Ẹ wá ibòmíràn, ẹ jọ̀ọ́."

"Kòfó!"

"Òótọ́ ni mo sọ."

Nọ́ọ̀sì Àrìnpé wò wá lọ wò wá bọ̀. "Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi," ó wí, ó sì rọra sọ̀kalẹ̀ lọ láì wo Bándélé.

Bándélé fara ti ògiri. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo lo bi mí tí kò sí ẹni tó fẹ́ gba ìsọ̀ lẹ́yìn rẹ? Ìwọ náà ń wo àtẹ̀gùn yìí lójoojúmọ́. Ta lò ń rí lórí rẹ̀?"

Ó yíjú kúrò lára àtẹ̀gùn. Mo wá mọ̀ pé òun náà ti rí i, tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Èmi ńkọ́?" Ohùn Màmá ni. "Ó bi ọ́ níwájú èèyàn. Èmi dá wá ni. Mo ní kí o dá mi lóhùn bí ọmọ."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, mà."

"Dìde. Ìkúnlẹ̀ tìrẹ ò wo orúnkún tèmi sàn."

Bándélé ti sọ̀kalẹ̀ lọ. Olóyè gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wá sọ́dọ̀ mi mọ́.

Mo kó aṣọ mi sọ̀kalẹ̀, mo sọdá títì, mo ta agboòrùn síwájú ọgbà mẹkáníìkì kan. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Kò dùn mọ́ mi. Mo máa ń gbójú sókè wo ilé ńlá náà, mo máa ń rí Màmá lórí àpótí wọn, àárò ọmọ wọn á sì gbá mi láyà.

Mo lọ sí Àpáta láti fẹnu ara mi sọ fún bàbá mi.

"Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ pé inú ilé ìtajà lo wà," wọ́n wí.

"Mo mọ̀, sà."

Wọ́n ṣí ìwé ìròyìn bojú. "Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Kò wá mọ́, sà."

Wọ́n ká ìwé ìròyìn. Ojú wọn ti hun jọ, àgbà ti dé sí wọn lára láìjẹ́ pé mo kíyè sí i. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe é. Tó bá tún wá, kó kan ilẹ̀kùn mi. Mi ò ní fò fáyọ̀, ṣùgbọ́n màá ṣí i."

Kérésì kọjá, ọyẹ́ dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń palẹ̀ mọ́, mo gbójú sókè, Bándélé ló dúró níwájú mi. Ó ti rù. Eruku bo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Mo ti ń bá wọn kó ẹrù sọ̀kalẹ̀," ó wí. "Gbogbo ẹni tí mo fi síbẹ̀. Mo ń bẹ̀ wọ́n, mo sì ń wá àyè fún wọn nílẹ̀. Ayàwòrán gbá mi létí."

"Ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. "Màámi ló kù. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹrù wọn. Wọ́n ní kí ìwọ wá."

"Ìwọ ńkọ́, Bándélé? Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

"Mo bínú sí ọ, mo bínú sí ara mi, títí ìbínú fi sú mi. Gbogbo nǹkan ló sú mi, Kòfó. Ìwọ nìkan ni o ò sú mi."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sọdá títì.

Màmá ti di ẹrù wọn. Wọ́n jókòó sáàárín rẹ̀. Wọ́n ní kí Bándélé máa gbé àwọn àpótí lọ sílẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún jìnnà, wọ́n kọjú sí mi.

"Ó ku èmi àti ìwọ. Ọmọ mi ò níṣẹ́ mọ́. Kò mọ ọ̀nà tó kàn. Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀, àbí ìyẹn náà, o kàn ń fẹnu sọ ọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, mà. Ó rẹ̀ mí, mi ò mọ bí a ó ṣe ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀."

Nílẹ̀, àwọn mọ́tò ń fọn fèrè, agbèrò kan ń pe Mọ́lété.

"Fún mi lọ́wọ́ kí n dìde," wọ́n wí.

Wọ́n gbé apá kan lé mi léjìká, wọ́n fi èkejì di irin mú. A ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, mo sì ń gbọ́ bí egungun orúnkún wọn ṣe ń dún. Nísàlẹ̀, Bándélé dúró ti ẹrù, ó ń wò wá. Nígbà tí a dé àárín, Màmá fa apá mi.

"Dúró ná, ìyàwó mi," wọ́n wí. "Jẹ́ n mí."