Orin Tí Ìdùnnú Fi Bo Ohùn Ọkọ̀

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ òní kì í ṣe tọmọdé o. Táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ, kì í ṣe tiwájú ló ń fà á. Ìdí nìyí tó fi ń yan bí ìyàwó ọ̀ṣìngín."

Báyìí ni Ìdùnnú ṣe bẹ̀rẹ̀ fídíò rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé yẹn, bí awakọ̀ tí Alájì Junaid gbà síṣẹ́ ṣe ń rọra gbé ọkọ̀ ńlá náà jáde kúrò nínú ọgbà tí Alájì ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ìkòsì. Ó gbé fóònù yí inú ọkọ̀ ká. Ó fi àga aláwọ han àwọn èèyàn, ó ní ẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń fẹ́ dáadáa, ó ní bùútù rẹ̀ gba ẹrù gbogbo ẹbí tó bá ń lọ sílé fún ọdún iléyá. Kò fi àléébù pamọ́ pẹ̀lú. Ó ní ọkọ̀ náà ń mu epo bí ẹni tí kò gbọ́ pé epo ti wọ́n, ó sì ní tí òjò bá rọ̀, kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́, torí ìdí rẹ̀ lè yọ̀ lójijì.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ìdùnnú, ó wà ní ọdún karùn-ún ilé ẹ̀kọ́ girama. Àyàndélé bàbá rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, ń ṣe mekáníìkì ní Kétu. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń tẹ̀lé e lọ wá ẹ̀yà ọkọ̀ ní Owódé Onírin, tó fi jẹ́ pé ó mọ ìfun ọkọ̀ ju ìfun ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn ní kíláàsì lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò nípa ọkọ̀ àlòkù, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í pọ́n ọkọ̀ lé lásán. Ẹ̀kọ́ kan ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́: tó o bá fẹ́ yẹ ọkọ̀ wò, pa rédíò, pa ẹ́ẹ̀sì, pa ẹnu tìrẹ náà, kó o wá gbọ́ ohun tí ọkọ̀ fẹ́ sọ.

Nígbà tí wọ́n dé ojú títì márosẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ṣe sáré kọjá ọgọ́rin, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ wọn. Kò pẹ́ tí nǹkan fi ń lu kò, kò, kò, lọ sẹ́yìn. Ìdùnnú mọ ohun tó ń dún. Ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ fún táyà ẹ̀yìn ni, èyí tí àwọn mekáníìkì ń pè ní pùrópélà. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà, ó sọ ọ́ fún Alájì. Alájì kò bínú rárá. Ó ní kí ó jókòó, ó ra mínírà fún un, ó sì ṣe ìlérí pé òun máa gbé fídíò náà sójú ìkànnì òun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń wò, àti pé kò sí ọkọ̀ tí yóò wọlé lẹ́yìn èyí tí kì í ṣe Ìdùnnú ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣé mo ní kó o parọ́ ni?" Alájì bi í. "Má parọ́. Ibi tí ohùn yẹn ti ń dún, fi orin sí i. Ṣebí gbogbo yín lẹ máa ń fi orin sí fídíò?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Ìdùnnú. Ó rò ó pé ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ṣáà mú mekáníìkì dání, mekáníìkì yóò sì gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó wá orin kan tí ìlù rẹ̀ ki, ó fi bò ó, ó sì gbé fídíò náà jáde. Nígbà tó fi di ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo ilé ìwé ló ń pè é ní Máàmù Ọlọ́kọ̀.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, Àǹkù Kàmọ́rù pè é. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni, Ìṣẹ́rí Olówòrà ló ń gbé. Ó ní òun ti ta bọ́ọ̀sì tí òun ti ń fi jẹun láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, òun ti fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ńlá tó wà nínú fídíò rẹ̀. Òun fẹ́ máa fi gbé àwọn ará Mágòdò lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, kí ara òun lè sinmi díẹ̀.

"Wọ́n ní kí n mú mekáníìkì wá, mo ní fún kí ni? Ọmọ wa ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí Ìdùnnú sọ ọ́, torí ọkọ̀ náà kò tíì ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ kú oríire, sà."

Ó sáré pa fídíò náà rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, àwọn èèyàn ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Ó lọ bẹ Alájì pé kó gba ọkọ̀ náà padà. Alájì ní Kàmọ́rù ti fọwọ́ síwèé pé bó ṣe wà ni òun rà á, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn. Ìdùnnú lọ sílé, kò sì sọ ọ́ fún Àǹkù Kàmọ́rù tàbí bàbá rẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀pá náà fi já lójú títì, pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Orí kó wọn yọ, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ti na gíà fọ́ kí ọkọ̀ tó dúró. Wọ́n wọ́ ọ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Kétu. Àyàndélé wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó ní àìsàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí; ẹnikẹ́ni tó bá gbé e sáré gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Ó wo ọmọ rẹ̀.

Àǹkù Kàmọ́rù tètè dá sí i. "Má bá ọmọ wí, Àyàn. Kò gbọ́ ọ ni. Tó bá gbọ́ ọ, á sọ fún mi."

Ìbá sàn kó gbá a létí.

"Mo gbọ́ ọ, sà," Ìdùnnú wí. "Mo fi orin bò ó."

Àǹkù Kàmọ́rù kò bú u. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bi í bóyá wọ́n lè rí nǹkan ṣe sí ọkọ̀ náà. Àyàndélé mi orí. Owó gíà àti ọ̀pá náà lápapọ̀ ju agbára àwọn méjèèjì lọ. Ìdùnnú ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún kì í tún gíà ṣe.

Ó ṣe fídíò mìíràn, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Àwọn tó wò ó kò pé ọgbọ̀n. Ti àkọ́kọ́ ṣì ń rìn kiri, kò sì sí ọgbọ́n tó lè dá láti dá a dúró. Àǹkù Kàmọ́rù ti di awakọ̀ ẹlòmíràn báyìí ní Mágòdò. Bó bá pàdé Ìdùnnú, ó ń kí i dáadáa, ó ń béèrè ìwé rẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún un. Kò jẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́ láé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí gbólóhùn irọ́ kan nínú fídíò Ìdùnnú. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ibi tí kòtò wà, tó dákẹ́ títí ẹlòmíràn fi jìn sí i, irọ́ ló pa. A lè tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì fún wa. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á, kódà ní Owódé Onírin.