Má Bò Ó

"Ìkánjú! Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí?"

"Mo gbọ́, Màmá!"

Kò gbọ́ délẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ọgbà, èkejì ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọgbọ́n-Inú, ti ń pàtẹ́wọ́ pè é. Ojú fèrèsé ni ìyá àgbà ti ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tó ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé ti di ààfin rẹ̀.

Ohun tó gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Agolo bọ́tìnnì ni, láti ayé ìgbà tí ìyá àgbà ṣì ń ránṣọ, ṣùgbọ́n irúgbìn ló wà nínú rẹ̀, ó kúnná bí eruku. Irúgbìn òdòdó ìgbẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, irú èyí tí bàbá àgbà já wá láti etídò nígbà tó ń wá ojú rere ìyàwó. Òdòdó náà kì í lò ju ọdún kan lọ: á hù, á tanná, á so, á kú. Ọdọọdún ni ìyá àgbà ń gba irúgbìn rẹ̀ tó sì ń tún un gbìn. Bàbá àgbà ti lọ, òdòdó rẹ̀ kò lọ. Ṣùgbọ́n ilé ti kún etídò báyìí. Bí ti inú agolo yìí kò bá hù, ó parí nìyẹn.

Ìkánjú gbọn irúgbìn sórí ebè. Kí ni Màmá tún wí? Ó rántí: "Máa bò ó." Ó wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó dáadáa, ó tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bá sáré tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Láràárọ̀, bí ìyá àgbà bá ti ṣe àmín tán, á kọjú sí ọgbà, á máa ki òdòdó rẹ̀:

"Òdòdó etídò, a-kú-má-run,
A-rẹwà-má-gbéraga,
Ó kú léṣìí, ó tún padà wá kí wa.
Dìde o, ilẹ̀ ti mọ́,
Ojú fèrèsé ń retí rẹ."

Á wá béèrè pé, "Ìkánjú, ṣé ó ti ń yọjú?" Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́.

"Ó... ó ti ń yọ, Màmá."

Irọ́ gbáà. Ebè náà ń dán bí orí apárí.

"Ṣé nítorí èyí lo ṣe fajú ro?" Ọgbọ́n-Inú rẹ́rìn-ín nígbà tí Ìkánjú sọ ọ́ fún un. "Obìnrin olódòdó iwájú ilé ìwé wa ní aláwọ̀ ojú ọ̀run nínú ike. Rà á, kó o rì í mọ́bẹ̀."

"Bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Àbí òdòdó máa ń dárúkọ bàbá ẹ̀ ni?"

Ìkánjú rà á. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbé ike náà mọ́ àyà, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ni ó bá gbọ́ ohùn ìyá àgbà láti ojú fèrèsé lókè orí rẹ̀, tó ń gbàdúrà.

"Olúwa, ẹ ṣeun tó hù. Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi ní ọmọ tí mo lè gbé ìrántí ọkọ mi lé lọ́wọ́."

Ìkánjú gbé ike sílẹ̀, ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Kò hù. Irọ́ ni mo ń pa fún yín."

Ìyá àgbà kọjú sí i. "Kí lo ṣe sí i?"

"Ohun tí ẹ wí náà ni. Ẹ ní kí n máa bò ó. Mo bò ó dáadáa, mo tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

"Máa bò ó kẹ̀? *Má* bò ó ni mo wí! Irúgbìn yìí kì í hù láìrí oòrùn. O sin ọmọ ọlọ́mọ láàyè, o tún jó lórí rẹ̀!"

Ẹ̀rín gbé ìyá àgbà lọ, títí ó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nígbà tó dáwọ́ ẹ̀rín dúró, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àṣìgbọ́ kò dùn mí, ọkọ mi. Ohun tó dùn mí ni pé ilẹ̀ òfìfo ni mò ń kì láràárọ̀, o sì ń wò mí níran."

Ẹkún ni Ìkánjú fi dáhùn.

"Ó tó, dìde. Bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Èyí tí kò rí oòrùn lè máa sùn lásán ni. Mú fọ́ọ̀kì, fi tú yẹ̀pẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kó o wọ́n omi sí i bí ìrì. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo wí fún mi."

"Ẹ ní: má bò ó."

"Tún un sọ."

"Má. Bò. Ó."

Èyí tó pọ̀ jù kò hù. Díẹ̀ tó hù náà, Ìkánjú ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ titun. Lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ tanná, ìyá àgbà fi èjìká Ìkánjú ṣe ọ̀pá, wọ́n rọra jáde sí ọgbà. Ó fọwọ́ kan òdòdó náà, ó la ẹnu láti kì í, ó tún pa á dé.

"Ìwọ ni kó o kì í lónìí."

Ìkánjú kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì fi tirẹ̀ lé e: "A-rí-oòrùn-dìde." Nígbà tí òdòdó so, òun fúnra rẹ̀ ló gbọn irúgbìn padà sínú agolo bọ́tìnnì.

Kò sí ọmọ tí kì í ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Àmọ́ irọ́ tí a fi bo àṣìṣe ni kì í jẹ́ kí ó ní àtúnṣe. Bí o bá ṣe àṣìṣe, gbé e síta kí oòrùn rí i. Má bò ó.