Pẹ́ńsù Olórí Méjì

Òfo ni èsì Rùkáyàt. Kì í ṣe pé ó fìdí rẹmi. Ẹ̀rọ tó ń máàkì ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ni kò rí ìdáhùn kankan lójú ìwé rẹ̀. Ìgbà kẹta nìyí tó ṣe é, bàbá rẹ̀ sì ti búra lọ́dún 1992 yẹn pé òun ò ní ra fọ́ọ̀mù mọ́.

Ó rẹ Ìnsípẹ́kítọ̀ Àkàngbé. Oṣù mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìntì, orúnkún ń dùn ún, Tìrìmísíyù, bàbá ọmọ náà, sì ti wọ́ ọ̀gá lẹ́sìn kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọ fún ìdánwò, láti Sábó wá bá a lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

"Ó ti fún ẹlòmíì ní èsì ọmọ mi!"

"Ọ̀gá, mi ò dé ibi ìdánwò," ni Ọlápàdé, ọ̀gá lẹ́sìn, wí. "Pẹ́ńsù HB ni mo pín fún ọgbọ̀n ọmọ. Èsì àwọn yòókù jáde."

Àkàngbé yíjú sí Rùkáyàt tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. "Ta ló jókòó tì ọ́?"

"Christianah, ọ̀rẹ́ mi, sà. Rọ́bà kan náà la fi pa ìdáhùn rẹ́. Tiẹ̀ mọ́ kedere, tèmi ń fẹ̀ ṣáá."

"Kóòsì kan náà ni wọ́n fẹ́ kà!" ni Tìrìmísíyù ké. "Ó ń jowú ọmọ mi!"

"Kò fọwọ́ kan pẹ́ńsù mi o, Bàbá."

Ó fà á yọ nínú báàgì. Orí méjèèjì ni wọ́n gbẹ́, bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe, kí ọ̀kan lè wà nílẹ̀ bí èkejì bá kán. Wọ́n ti fi abẹ fá ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àkàngbé wá àmì HB títí, kò rí i. "Ilé ni wọ́n ti bá mi gbẹ́ ẹ, sà," ni Rùkáyàt wí.

"Ọ̀dọ̀ ta lò ń gbé?"

"Àǹtí Àṣàbí, àbúrò màmá mi tó tọ́ mi. Télọ̀ ni wọ́n, ní Ojúẹlẹ́gba."

Nígbà tí gbogbo wọn dé ṣọ́ọ̀bù, Àṣàbí ń fojú wá ihò abẹ́rẹ́. Rùkáyàt fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn bó ti máa ń ṣe, ó gbà á, ó sì ti òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ojú tí mo fi ń ríran nìyí," ni Àṣàbí wí.

Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lórí tábìlì. Àkàngbé fi pẹ́ńsù náà fa ìlà sórí bébà, ó tún fi HB tirẹ̀ fa òmíràn, ó wá lọ̀ wọ́n. Ìlà tirẹ̀ dúró. Èkejì yọ́, ó di àbàwọ́n.

"Pẹ́ńsù télọ̀ ni. Ìda ló wà nínú ẹ̀. Ó dúdú lójú wa, ṣùgbọ́n òjé ni ẹ̀rọ ń wá. Ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ fá ọ̀dà rẹ̀, ẹ sì gbẹ́ orí kejì kí ibi tó yẹ kí HB wà má baà hàn."

Àṣàbí jókòó wọ̀ọ̀.

"Èmi ni. Ó máa ń ka ìlànà ìdánwò sókè, pé HB nìkan ni ẹ̀rọ ń rí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé ó máa yege. Tó bá lọ sí yunifásítì ní Ìlọrin, ta ni mo ní?"

Rùkáyàt bú sẹ́kún. "Àǹtí, ẹ ò bá sọ fún mi." Ó bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bá bàbá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Àkàngbé ju orúnkún rẹ̀ lọ.

Tìrìmísíyù bẹ Ọlápàdé, ó sì ra fọ́ọ̀mù míì fún ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Àkàngbé tó ti fẹ̀yìntì pàdé Rùkáyàt lẹ́nu géètì ìdánwò. Pẹ́ńsù mẹ́ta ló mú dání, HB hàn gbangba lára wọn. Orí kan ṣoṣo ló gbẹ́.

"Àǹtí rẹ ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀.

"Mo yà lọ́dọ̀ wọn láàárọ̀. Mo ti òwú bọ ogún abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún wọn."