Ẹni Karùn-ún Lórí Òkè

Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo sì ṣèlérí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ pé ìtàn yìí ò ní gùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé omi tíì kaná, kó gbé e kaná báyìí. Mo máa parí kó tó hó. Tó bá hó kí n tó parí, a jẹ́ pé kẹ́tùlù yín ló ń kánjú.

Làtíìfù Akínlolú wa bọ́ọ̀sì lójú Old Kent Road ní London fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó fẹ̀yìntì, dókítà wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mi orí, ó ní kó máa rìn. Bó ṣe kó àwọn kan jọ ní mọ́ṣáláṣí nìyẹn, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láti Peckham Rye dé Sydenham ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Márùn-ún ni wọ́n: òun fúnra rẹ̀, Rahmah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti gun òkè káàkiri Yúróòpù, tí ìyá rẹ̀ sì ń béèrè pé ṣé orí òkè ni ọkọ wà, Nasir tó ń fọ mọ́tò, àti Àmínát ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Dáúdà.

Dáúdà ló máa ń kẹ́yìn. Kò ní í rìn jìnnà kí okùn bàtà rẹ̀ tó tú. Á dúró, á kúnlẹ̀, á wá máa so ó bí ẹni ń so àgbò Iléyá mọ́lẹ̀.

Rahmah ló sọ ní oṣù kẹsàn-án pé Sydenham ti tó, kí wọ́n lọ rin òkè gidi ní Switzerland, ní àárín àwọn òkè Alps, níbi tí èèyàn ti ń rin ọjọ́ mẹ́ta láti ilé ìsinmi orí òkè kan dé òmíràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Sherifat, ìyàwó Dáúdà, sin wọ́n jáde ní Aylesbury Estate tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé.

"Bàbá Rahmah," ó ní, "ẹ rántí pé dókítà ṣì ń tọ́jú ọkàn ọkọ mi o. Bó ṣe wà yìí gan-an ni kẹ́ ẹ dá a padà fún mi."

"Ìyàwó wa, ṣé mo ti sọ èrò kankan nù rí ni?"

"Èmi ò mọ̀ o. Èmi kì í wọ bọ́ọ̀sì yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Làtíìfù lára. Ó gbé e dání bí ẹrù títí wọ́n fi dé orí òkè.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti fi igi sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ku koríko, òkúta, àti yìnyín àtijọ́ tó sá pamọ́ sábẹ́ òjìji. Òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn bíi ti mọ́tò tó yẹ kí wọ́n ti jù nù. Rahmah ló ṣáájú, Làtíìfù ló kẹ́yìn, ó ń ka orí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń kà á nínú dígí ọkọ̀. Mẹ́rin ló yẹ kó rí. Ó rí márùn-ún. Ó tún un kà. Márùn-ún ṣì ni.

Ẹni tó lé yẹn ni Bàbá arúgbó kan tó wọ kóòtù gígùn aláwọ̀ eérú, tó dé fìlà, tó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Láàárọ̀ ni wọ́n ti pàdé rẹ̀ létí omi. Àmínát ló kúnlẹ̀ kí i pé, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá," Bàbá sì dáhùn pé, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi," ó sì bá wọn lọ. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibo lèèyàn fẹ́ dé láyé yìí tí kò ní pàdé Yorùbá? Làtíìfù rò pé ẹbí Nasir ni. Nasir rò pé àna tí wọ́n ń wá fún Rahmah ni. Rahmah rò pé àgbà mọ́ṣáláṣí kan ni, tí bàbá òun pè láìsọ fún òun, ìwà bàbá òun sì nìyẹn. Ta ló wá fẹ́ wojú àgbàlagbà kó bi í pé, "Kí lorúkọ yín?" Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni gbogbo wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni Làtíìfù kíyè sí. Èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn, kò jáde lẹ́nu Bàbá. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá pinnu pé imú ni Bàbá fi ń mí, bí àwọn dókítà ṣe ń gbà wá níyànjú.

Bàbá dẹ ìrìn, ó dúró dè é. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó tutù.

"Ta lẹni tó ń dúró so bàtà yẹn?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, sà. Dáúdà ni."

"Báwo lẹ ṣe mọra?"

Ìtàn yìí, Làtíìfù ò lè ní kó má sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1994, ó fẹ́ gbé bọ́ọ̀sì kúrò ní ibùdókọ̀, ó wá rí ọkùnrin kan tó ń sáré bọ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, tó ń fi Yorùbá ké sí dírẹ́bà tí kò mọ̀ rí pé, "Má tì í! Má tì í!" Làtíìfù ṣílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pàdé, Làtíìfù á ní, "Ìlẹ̀kùn ń tì o!" Dáúdà á sì ké, "Má tì í!" Ìkíni wọn nìyẹn fún ọgbọ̀n ọdún, àwọn ìyàwó wọn ò sì fìgbà kan rẹ́rìn-ín sí i.

Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń há nǹkan sórí. "Bàtà kan lẹ́sẹ̀," ó ní, "ìkejì lọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Nígbà tó di ọ̀sán, kùrukùru sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí èèyàn ò rí ju apá méjì lọ níwájú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tóóró kan tí wọ́n kan okùn irin mọ́ ara àpáta, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì jẹ́ òfìfo.

"Daddy, please, ẹ di okùn mú," Rahmah ní. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró o. I'm serious."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, nínú kùrukùru náà Làtíìfù ò mọ ẹni tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn òun mọ́. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsinmi, Làtíìfù dúró bó ṣe máa ń ṣe, ó ka òjìji wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Mẹ́rin, òun ló ṣe ìkarùn-ún. Márùn-ún ni wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, márùn-ún ló dé. "Ó pé," ó ní, ó sì wọlé tẹ̀ lé wọn.

Ilé náà gbóná. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ gbé tíì márùn-ún wá, ó sì gbé ìwé àlejò síwájú Rahmah kó kọ orúkọ wọn. Rahmah kọ ti bàbá rẹ̀. Ó kọ tirẹ̀. Ó kọ Nasir, ó kọ Àmínát. Bírò dúró.

"Bàbá, ẹ má bínú, sà," ó ní, "kí ni kí n kọ fún yín?"

Bàbá ò gbójú sókè kúrò lórí tíì rẹ̀.

"Kọ Dáúdà," ó ní. "Àyè rẹ̀ ṣófo."

Ìgbà yẹn ni Làtíìfù ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú àwọn tó jókòó dípò orí wọn. Kò sí Dáúdà.

Ó ti wà níta kí àga rẹ̀ tó ṣubú, Rahmah àti Nasir sáré tẹ̀ lé e. Ó pè é. "Dáúdà! Dáúdà o!" Kò sí ìdáhùn. Ó wá rántí pé ìyá Dáúdà kọ́ ọ láti kékeré pé bí ẹni tí kò rí bá pe orúkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ dáhùn. Onígbọràn ni Dáúdà. Òtútù lè pa á síbẹ̀ kó tó ní "Hẹ̀n."

Làtíìfù gba èémí sínú. Ó lo ohùn tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lò.

"Ìlẹ̀kùn ń tì o!"

Omi ń ro tó tó tó lára àpáta.

"Má tì í," ohùn kan dáhùn nínú kùrukùru, ó sún mọ́ wọn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. "Má tì í!"

Dáúdà jáde wá jẹ́ẹ́jẹ́, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

Rahmah bú sẹ́kún. Làtíìfù dì mọ́ Dáúdà, ó bú u, ó tún dì mọ́ ọn. Ara rẹ̀ tutù bí okùn irin yẹn. Kí ló máa ṣe é tí kò ní tutù?

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, àga Bàbá ti ṣófo. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, Àmínát sì kọjú sí i, kò rí ẹni tó jáde. Tíì Bàbá kún bó ṣe wà, nítòsí ààrò tó ń jó, yìnyín sì ti bo ojú rẹ̀. Rahmah kọ Dáúdà sí ìlà karùn-ún. Ìwé pé.

Wọ́n padà sí London. Sherifat gbé abọ́ ìrẹsì ńlá wá fún Làtíìfù láti dúpẹ́.

"Bàbá Rahmah, kí lẹ fún un jẹ lórí òkè yẹn gan-an? Kò ráhùn mọ́. Kò tiẹ̀ jẹun púpọ̀ mọ́. Dókítà gbé ẹ̀rọ sí i láyà, ó ní òun ò gbọ́ ariwo kankan níbẹ̀ mọ́."

"A dúpẹ́," Làtíìfù ní.

Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, wọ́n pàdé ní Peckham Rye. Yìnyín bo koríko. Dáúdà ló ń ṣáájú báyìí. Okùn bàtà rẹ̀ kì í tú mọ́. Èéfín ń jáde lẹ́nu Rahmah. Ó ń jáde lẹ́nu Nasir àti Àmínát. Ajá kan sáré kọjá, èéfín ń jáde lẹ́nu ajá. Dáúdà yíjú padà, ó wo Làtíìfù, ó la ẹnu rẹ́rìn-ín gbàgàdà.

Kò sí nǹkan kan tó jáde.

Làtíìfù dúró. Ó rántí ẹni tó sọ ìtàn ìlẹ̀kùn fún lórí òkè, àti pé kò yọ nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀, títí kan bàtà. Ó rántí ibi tóóró yẹn, àti ẹni tó ṣeé ṣe kó ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀ tó ń so okùn, tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, tó sì gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

"Daddy," Rahmah ní, "ṣé a pé?"

Ó ronú kan Sherifat, tó ń kọrin ní kíṣìnnì láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

"A pé," ó ní. "Márùn-ún."

Mo ti parí. Ẹ lọ pa iná kẹ́tùlù. Ohun kan ni mo fi ń bẹ̀ yín: Aylesbury Estate ni Sherifat ṣì ń gbé, wọn ò tíì kó wọn kúrò níbẹ̀ láti wó ilé náà. Bẹ́ ẹ bá bá a pàdé níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Walworth Road, ẹ kí i, ẹ béèrè ọkọ rẹ̀. Á ní ara rẹ̀ le dáadáa. Ẹ ní, "Alhamdulillah," kẹ́ ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí tó kù fún un.